Fílítà Ọ́ìlì Bọ́ọ̀sì Ẹgbẹ́: Èyí Tó Bá Ẹ́ńjìnnì Mu Ni Ká Máa Rà

Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, ìbéèrè kan ló gba àkókò jù, àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ kò sì dáhùn rẹ̀ tán tí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn ìyá wa tó ń kó gàrí lọ sí Bódìjà ló béèrè. Wọ́n ní báwo ni ohun tí kò ju agolo mílíìkì ńlá lọ ṣe lè ba ẹ́ńjìnnì odindi bọ́ọ̀sì jẹ́, débi pé gbogbo owó tí ọkọ̀ pa wọlé fún oṣù márùn-ún ni a kó fún mẹkáníìkì? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Owó yín ni. A rò ó pé kàkà kí a máa ṣàlàyé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kọ̀rọ̀, kí a kúkú fi ẹ̀kọ́ oṣù yìí sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ nínú wa lè rí nǹkan mú lọ sílé.

Kí a kọ́kọ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́, bí ẹ ti mọ̀, HiAce ni, irú èyí tí Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1989, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó iwájú. Tòkunbọ̀ ni a rà á. Ẹ́ńjìnnì 2RZ tó ń mu pẹtiróòlù ló wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, àkókò sẹ́fíìsì pé, mẹkáníìkì wa kò sì sí nílé, ó lọ síbi ìsìnkú. Akọ̀wé àti awakọ̀ ló lọ ra ọ́ìlì àti fílítà. Ibi tí a ti rà á kò ṣe pàtàkì, nítorí ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọlọ́jà nìkan. A kò mú fílítà àtijọ́ dání. A kò kọ nọ́ńbà kankan sórí ìwé. Ohun tí a sọ lẹ́nu kò ju "ẹ fún wa ní fílítà bọ́ọ̀sì" lọ. Ọmọkùnrin tó ń tajà wo orí pẹpẹ, kò rí ti HiAce, ló bá na ti Micra sí wa. Ó ní ẹnu wọn dọ́gba, ó ní àwọn onímọ́tò ń rà á bẹ́ẹ̀, ó ní yóò wọ̀ ọ́. Ó tún dín lówó. Inú wa dùn pé a bá ẹgbẹ́ ṣọ́ owó ná!

Ó wọ̀ ọ́ lóòótọ́. A fọwọ́ yí i, ó wọlé wẹ́rẹ́, ó tilẹ̀ rọrùn ju bó ti yẹ lọ. Ibẹ̀ ló yẹ kí ara ti fu wá. Rọ́bà ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, a fún un le, a da ọ́ìlì sí i, a tan ọkọ̀, kò jò. Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé èèyàn lọ sí ìsìn. Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ sí Lálúpọn, ó sì padà láìsí wàhálà. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ kún fún gàrí àti apẹ̀rẹ̀ ata, ó ti kọjá Ìyànà Ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń lọ sí Mọ́nátàn, ni iná pupa kékeré tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì bá tàn níwájú awakọ̀. Awakọ̀ rò pé wáyà ló kan ara wọn. Ó sì mọ̀ pé ata kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ń lọ. Kí ó tó dé oríta Ìwó Road, ẹ́ńjìnnì ti ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ẹni ń kan ìlẹ̀kùn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó rí i pé ọ́ìlì ti fa ìlà dúdú sórí títì láti ẹ̀yìn wá. Fílítà kò sí nídìí ẹ́ńjìnnì mọ́ rárá. Ó ti já bọ́.

Àwọn kan ti ń sọ pé awakọ̀ ló jẹ̀bi, pé ojú rẹ̀ rí iná. Òótọ́ ni pé ó rí i. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ ní ohun tí iná yẹn túmọ̀ sí? A gbà á síṣẹ́, a wo láísẹ́ńsì rẹ̀, a fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó parí. Iná yẹn kì í sọ pé ọ́ìlì fẹ́ tán. Ohun tó ń sọ ni pé agbára tó ń ti ọ́ìlì kiri inú ẹ́ńjìnnì ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Bó bá tàn tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí a pa á lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ká rọra wà á délé, kì í ṣe ká wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó wà níwájú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ti tó láti ba ohun tí ẹ ń gbọ́ yìí jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìdí rẹ̀. Ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì kò kàn jókòó síbẹ̀. Pọ́ńpù kan ń fà á láti inú àwo tó wà nísàlẹ̀, ó ń tì í gba inú fílítà, láti ibẹ̀ ni yóò ti gba ojú ihò lọ sí gbogbo ibi tí irin ti ń yí lórí irin. Irin gígùn tó ń yí ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kiránkì, kò fara kan ibùsùn rẹ̀ rárá nígbà tí nǹkan bá ń lọ déédéé. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò nípọn tó irun orí ló wà láàárín wọn. Bí ọ́ìlì bá dá, irin á kan irin, ó á gbóná, ó á jẹ ara rẹ̀. Bí ìyẹ̀pẹ̀ bá sì wà nínú ọ́ìlì, ó á máa họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìdí tí fílítà fi wà nìyẹn.

Ẹ mú fílítà tuntun, kí ẹ dojú rẹ̀ sókè. Ẹ ó rí ihò kéékèèké tó yí etí rẹ̀ ká, àti ihò ńlá kan láàárín tó ní ojú síkúrù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ihò àárín ni ọ́ìlì ń gbà wọlé. Rárá o. Ihò kéékèèké ló ń gbà wọlé, ó á gba ara bébà tí wọ́n ṣẹ́ po wínníwínní kọjá láti ìta sínú, ó á wá gba àárín jáde lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Ìdọ̀tí á dúró lóde bébà, bí èérí ṣe ń dúró lórí asẹ́ nígbà tí a bá ń sẹ́ ògì. Ẹ̀yin tí ẹ ń sẹ́ ògì mọ̀ pé bí asẹ́ bá ya níbì kan, ògì náà ti bàjẹ́, bó ti wù kí ìyókù asẹ́ náà dára tó.

Bàbá wa kan dìde ní ìpàdé, wọ́n ní ọdún mélòó kan ni àwọn fi wa dáńfó Volkswagen, àwọn kò ra fílítà rí, ọkọ̀ náà kò sì kú. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni bàbá sọ. Dáńfó àtijọ́ tó ní ẹ́ńjìnnì 1600 lẹ́yìn, èyí tí afẹ́fẹ́ ń mú tutù tí kò lo omi, kò ní fílítà oníbébà. Asẹ́ wáyà ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí a ń tú, tí a ń fọ̀, tí a ń dá padà pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Lítà méjì àbọ̀ péré ni ọ́ìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n asẹ́ wáyà kò lè mú ju pàǹtí ńláńlá lọ, ìdí sì nìyẹn tí ọ́ìlì wọn fi gbọ́dọ̀ máa yí padà léraléra. Nínú irú Volkswagen kan náà yẹn, àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì tó tóbi jù, láti 1700 dé 2000, ní fílítà onígolo. Mọ́tò kan náà lójú, orúkọ kan náà, síbẹ̀ ọ̀kan ń lo fílítà, èkejì kò lò ó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò tún padà sórí rẹ̀.

Nísinsìnyí, kí ló dé tí ti Micra fi já bọ́? Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ojú síkúrù. Síkúrù tó yọ jáde lára ẹ́ńjìnnì Toyota wa, tí a ń yí fílítà mọ́, jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, ìlà 16 ló sì wà nínú íǹṣì kan. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sórí páálí báyìí: 3/4-16 UNF. Ti ọ̀pọ̀ Micra tó ń ṣe takisí káàkiri Ìbàdàn jẹ́ ti mìlímítà, wọ́n á kọ ọ́ báyìí: M20 x 1.5. Ìyẹn ni pé fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 mìlímítà, ìlà kan sí èkejì sì jẹ́ mìlímítà kan àbọ̀. Ẹ bá wa ṣírò ó. Íǹṣì kan jẹ́ 25.4 mìlímítà. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 19.05. Ìyàtọ̀ àárín 19.05 àti 20 kò pé mìlímítà kan, ojú lásán kò lè rí i. Ìlà wọn náà súnmọ́ra: ọ̀kan jẹ́ 1.5, èkejì jẹ́ nǹkan bí 1.59. Bí ìbejì ni wọ́n, ìyá wọn nìkan ló dá wọn mọ̀.

Nítorí pé wọ́n súnmọ́ra báyìí, fílítà M20 á gun síkúrù Toyota, á yí dáadáa, ṣùgbọ́n etí ìlà nìkan ni yóò fi di síkúrù mú. Ó dà bí ẹni tó fi èékánná so mọ́ ẹ̀ka igi. Láàárọ̀ kùtù, ọ́ìlì ki, pọ́ńpù sì ń tì í pẹ̀lú agbára, agbára yẹn á sì máa ti fílítà kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ wá fi kòtò àti gbígbọ̀n ojú ọ̀nà wa kún un. Ó fara dà á fún ọjọ́ mẹ́ta, kò lè fara dà á dé ọjọ́ kẹrin. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé Micra nìkan kọ́ ló ń lo M20. Honda, Mazda àti Mitsubishi ń lò ó púpọ̀, nítorí náà ẹni tó ní L300 nínú wa kò gbọdọ̀ bá oní-HiAce pín fílítà, àfi bí nọ́ńbà bá fi hàn pé wọ́n jọ ń lò ó. Bí ó bá sì jẹ́ pé ti íǹṣì lẹ ń yí mọ́ síkúrù M20, kò ní wọlé dáadáa, á há. Bí ẹ bá fi agbára yí i, ojú síkúrù ara ẹ́ńjìnnì ni yóò bàjẹ́, iṣẹ́ mìíràn sì tún dé nìyẹn.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé kí a má fi orúkọ ọkọ̀ ra fílítà, kí a má sì fi ọdún ọkọ̀ nìkan rà á. Ẹ́ńjìnnì ni kí a fi rà á. Lára HiAce, àwo irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RZH, ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù irú RZ ló bá a wá láti ilé iṣẹ́. Bó bá jẹ́ LH, dísù ni, irú 2L tàbí 3L. Ṣùgbọ́n àwo yẹn ń sọ ohun tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é ni, kò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tó wà lọ́dọ̀ wa ló ti yọ ẹ́ńjìnnì tó bá a wá, tí wọ́n gbé Bẹ́ljíọ̀mù sí i. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní abúlé tó wà lẹ́yìn Olódò ra bọ́ọ̀sì tí wọ́n ní pẹtiróòlù ni lórí ìwé, àṣé dísù ló wà lábẹ́ ìjókòó. Nítorí náà, ẹ ṣí ìjókòó, ẹ nu ara ẹ́ńjìnnì mọ́, ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n lù sára irin, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn, ọlọ́jà tó mọṣẹ́ á ṣí ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe fílítà, á sì rí èyí tó bá a mu. Ọlọ́jà tí kò bá fẹ́ ṣí ìwé, tó kàn ń sọ pé "yóò wọ̀ ọ́", ẹ kí i dáadáa, kí ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ní Àràrọ̀mí ní Agodi Gate, ṣọ́ọ̀bù kò tán.

A ti mú ọgbọ́n kan wá tí a rò pé ó dára ju ìwé lọ. A ra síkúrù fílítà kan lára ẹ́ńjìnnì 2RZ tó ti kú, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Awakọ̀ á mú un dání lọ sí ọjà. Kí ó tó sanwó, á yí fílítà tuntun mọ́ ọn. Bó bá yí wọlé ṣinṣin, tí kò mì jọ̀jọ̀ bí a bá fọwọ́ mì í, ojú síkúrù bára mu. Bó bá ń mì bí eyín àgbà, kí ó dá a padà.

Ojú síkúrù nìkan kò tó o. Rọ́bà ẹnu fílítà gbọ́dọ̀ jókòó yípo lórí ibi tí wọ́n dán lára ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe kí apá kan wà lóde. Gígùn rẹ̀ pẹ̀lú: bí ó bá gùn jù, ó lè máa gbá irin lábẹ́ ọkọ̀, tàbí kí òkúta lù ú lójú ọ̀nà oko. Àwọn nǹkan méjì mìíràn sì wà nínú agolo tí ojú kò rí. Èkíní ni fáàfù kan tó máa ń ṣí bí bébà bá ti dí tàbí bí ọ́ìlì bá ki jù, kí ọ́ìlì tí a kò sẹ́ lè kọjá. Ẹ lè bi wá pé kí ni ọ́ìlì ẹlẹ́gbin wúlò fún? Ó sàn ju kí ọ́ìlì má dé ibẹ̀ rárá lọ. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan ní fáàfù yìí lára tiwọn, àwọn mìíràn gbára lé èyí tó wà nínú fílítà, agbára tó ń ṣí i kò sì dọ́gba láti ẹ́ńjìnnì dé ẹ́ńjìnnì. Nítorí èyí ni fílítà tó wọ̀ ọ́ ṣinṣin ṣe lè má jẹ́ èyí tó tọ́ síbẹ̀, tí nọ́ńbà fi ṣe pàtàkì. Èkejì ni rọ́bà pẹlẹbẹ tó bo ihò kéékèèké láti inú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ọ́ìlì má ṣàn padà sísàlẹ̀ nígbà tí a bá pa ọkọ̀, pàápàá níbi tí fílítà bá dùbúlẹ̀ tàbí tí ó dojú dé. Bó bá ti le tàbí tí kò sí níbẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ kí ẹ́ńjìnnì máa pariwo gbagbagba fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láàárọ̀ kí iná ọ́ìlì tó kú. Ẹ fi ìgbálẹ̀ kan tó mọ́ tì í jẹ́jẹ́ láti ojú ihò kí ẹ tó rà á. Ó yẹ kí ó rọ̀, kí ó sì padà sípò.

Ní ti ayédèrú, mẹkáníìkì wa fi ayùn irin gé méjì lójú wa, ọ̀kan tó wọ́n, ọ̀kan tó pọ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Nínú èyí tó pọ̀, bébà náà kéré, ìṣẹ́po rẹ̀ fọ́nká, gúlúù rẹ̀ sì ti ṣí níbì kan, àlàfo tí ọmọ ìka kékeré lè wọ̀. Ọ́ìlì á gba ibẹ̀ lọ tààrà, kò ní fara kan bébà. Lóde, àwọ̀ méjèèjì dán. Àwọn tó wọ́n náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ayédèrú, a kò sọ pé owó gọbọi ni ẹ̀rí. Ohun tí a ń ṣe báyìí ni pé a ń gé fílítà àtijọ́ lẹ́yìn sẹ́fíìsì, lẹ́yìn tó bá ti ro tán. A ń tẹ́ bébà rẹ̀ sílẹ̀, a ń fi òòfà kékeré kàn án. Bí ohun tó ń dán bí ẹ̀fúnrín irin bá pọ̀ lára rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń sọ̀rọ̀, kí a tètè gbọ́.

Fífi í sí kò le. Ẹ rí i dájú pé rọ́bà fílítà àtijọ́ kò lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, nítorí bí rọ́bà méjì bá gun ara wọn, ọ́ìlì á tú jáde lọ́jọ́ kan ṣáá. Ẹ fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà tuntun. Ẹ fọwọ́ yí i títí yóò fi kan ara ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà ẹ fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan kún un, tàbí bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ sára agolo. Ẹ má fi sípánà fún un. Ẹ tan ọkọ̀, ẹ dúró kí iná ọ́ìlì kú, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ pa á, ẹ dúró díẹ̀, ẹ fa gééjì yọ, kí ẹ fi ọ́ìlì kún un, torí fílítà tuntun á ti mu díẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Àwọn kan ní kí akọ̀wé àti awakọ̀ san owó ẹ́ńjìnnì láti àpò ara wọn, àwọn mìíràn ní ẹgbẹ́ ló rán wọn níṣẹ́. A kò kọ ẹ̀kọ́ yìí láti fi bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yóò wá síwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, akápò yóò sì mú gbogbo rìsíìtì wá kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Títí di ìgbà náà, mẹkáníìkì nìkan ló lè ra fílítà fún ọkọ̀ ẹgbẹ́, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sì ti wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé ọkọ̀. Síkúrù tí a sọ lókè wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì akọ̀wé. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ní HiAce oní-2RZ lè wá yá a lọ sí ọjà, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì dá a padà lọ́jọ́ náà.